Níbo ni a ti lè gbé káyáàkì wọ omi ní etíkun Ìlàjẹ?

Ọmọ Adó:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, mo sì ní káyáàkì gígùn, ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù, tí wọ́n ṣe fún ojú òkun. Orí omi dáàmù Ìtàpájí ni mo ti kọ́ bí a ti ń fi àjẹ̀ tù ú, lẹ́yìn tí àwọn tí ń ṣọ́ ibẹ̀ fún mi láyè. Ní báyìí, òkun gan-an ni ó wù mí. Mo fẹ́ gba Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Mo ti wo àwòrán etíkun náà lórí Google, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú lọ títí. Kí ni ó yẹ kí n wò kí n tó yan ibi tí n óò ti gbé ọkọ̀ wọ omi?

Ará Etíkun, Ìkẹ́rẹ́:
Àbúrò, o kú ìbéèrè. Ilẹ̀ títẹ́jú tí o rí yẹn kì í ṣe iyanrìn. Láti Badagry títí kọjá Lẹ́kí, iyanrìn ni etíkun wa, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, débi pé nígbà tí omi bá fà, ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yóò rì, kò sì ní lágbára láti wọ́ ọkọ̀. Òkun sì ń jẹ ilẹ̀ náà lọ: Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ kan létí òkun, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà ibi tí àwòrán àtijọ́ pè ní ilẹ̀ lè ti di omi.

Igbókòdá ni kí o ti gbéra, ní èbúté tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀ lọ sí àwọn abúlé etíkun. Omi tí ó wà láàárín ilẹ̀ nìyẹn, kò ní ìgbì òkun. Yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ìgbì tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń fà sẹ́yìn lè dojú káyáàkì dé. Kọ́kọ́ kí olórí àwọn apẹja. Wọn kò fẹ́ràn àlejò tí ń gba orí àwọ̀n wọn kọjá, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ òtítọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ibi tí a óò gúnlẹ̀ sí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó wo ibi tí a óò ti gbéra. Omi òkun wa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ìyàtọ̀ náà kò tilẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ, lórí ilẹ̀ títẹ́jú bíi ti Ìlàjẹ, ìwọ̀nba yẹn tó láti sọ èbúté àárọ̀ di ẹrẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ bi àwọn apẹja ní wákàtí tí omi yóò kún, kí ẹ sì fi ìpadàbọ̀ yín sí i.

Bí ó bá jẹ́ iyanrìn ni ẹ ń wá ní ìhà Èkó, ẹ má ṣe gbéra ní etíkun tí ó kọjú sí òkun gbalasa, nítorí ìgbì ibẹ̀ ń fọ́ sí etí ilẹ̀ gan-an, pàápàá ní ìgbà òjò. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí dáàmù.

Ọmọ Adó:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé àárọ̀ ni ó dára jù?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Bẹ́ẹ̀ ni. Atẹ́gùn òkun sábà máa ń le lọ́sàn-án. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó lórí omi, láti ilẹ̀, kí ẹ má dúró di orí omi.