Fọ́tò ń ṣá, ó sì ń fẹ̀ lójú projector: kí la máa tún ṣe kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wéẸgbẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ onífọ́tò ni wá, a máa ń pàdé lóṣooṣù láti fi iṣẹ́ han ara wa. Projector wa ń lo gílóòbù, 1280 × 800 ni. Fọ́tò tó dán lójú laptop máa ń ṣá tó bá dé ara ògiri, ojú èèyàn á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á sì pẹ́ kó tó yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ó ti mú un?

ÌyáLẹ́ńsì:
Ara fọ́tò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Pixel (àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) 1280 ní ìbú, 800 ní gíga: ohun tí projector yín lè gbé jáde ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kó 6000 × 4000 wá kàn ń di ẹrù lé laptop lórí ni, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́. Kí kálukú dín tirẹ̀ kù nílé: èyí tó dùbúlẹ̀ ní 3:2 (ìbú mẹ́ta sí gíga méjì) á di 1200 × 800, èyí tó dúró á di 533 × 800. JPEG ni kẹ́ ẹ gbà, quality 90 ti tó.

Ní ti àwọ̀ tó ń ṣá, Adobe RGB (ètò àwọ̀ tó fẹ̀ ju sRGB tó wọ́pọ̀ lọ) ni mo kọ́kọ́ fura sí. Kí gbogbo wọn fi sRGB ránṣẹ́. Nínú Photoshop, Convert to Profile ni kí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe Assign Profile o! Convert máa ń ṣírò àwọ̀ náà sí ibi tuntun. Assign kàn ń pààrọ̀ orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni, fọ́tò á sì ṣá síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ fílàṣì lẹ ń kì bọ ẹ̀yìn projector, 001, 002, 010 ni kẹ́ ẹ fi sọ fáìlì lórúkọ. Bí ẹ bá kọ 1, 2, 10, òmíràn á gbé 10 síwájú 2.

BàbáWáyà:
Ojú tó ń fẹ̀ yẹn, ó jọ pé 1024 × 768 ni laptop ń gbé jáde, tí projector wá ń nà án kó lè kún. Ẹ tẹ Windows + P, ẹ yan Extend, kẹ́ ẹ wá wọ Display settings, kẹ́ ẹ fi ti projector sí 1280 × 800. Aspect (ìyẹn ìbú sí gíga àwòrán) inú mẹ́nù projector, Auto ni kó wà.

Ẹ má gbàgbé gílóòbù. Bí NEPA bá múná lọ lójijì, fáànù á dúró nígbà tí gílóòbù ṣì ń gbóná janjan, ohun tó ń tètè pa á nìyẹn. Ẹ wá UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ bí NEPA bá mú tirẹ̀ lọ) fún projector nìkan (laptop ní bátìrì tirẹ̀). Kẹ́ ẹ wo iye watt tó wà lára projector kẹ́ ẹ tó rà á: UPS 650VA kì í sábà gbé tó 400W. Kò ní gbé ìpàdé parí, àmọ́ ẹ ó ráyè pa á bó ṣe yẹ, kí fáànù sì fẹ́ ẹ tutù.

Akọ̀wéẸgbẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ Yorùbá wa ń di àpótí kéékèèké nínú PowerPoint ńkọ́?

ÌyáLẹ́ńsì:
Fọ́ǹtì tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ ni kò sí lórí laptop ibi ìpàdé. Ẹ wọ File, Options, Save, kẹ́ ẹ máàkì Embed fonts in the file. Kẹ́ ẹ sì tún fi ẹ̀dà PDF kan sínú fílàṣì, torí fọ́ǹtì míì wà tí kì í gbà kí wọ́n gbé òun wọlé.