Bátìrì laptop ń kú lójijì ní 35%: sẹ́ẹ̀lì kan ni àbí gbogbo rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bátìrì laptop dáadáa. Ní Kubwa níbí, tèmi máa ń kú lójijì tó bá ku 35%. powercfg /batteryreport (àṣẹ Windows tó ń sọ bí bátìrì ṣe wà) ní 50 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó lè gbà) ló yẹ kó máa gbà, 31 péré ló ń gbà báyìí. Sẹ́ẹ̀lì 3 (àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀) ló ní. Tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fólítì rẹ̀ ń já láti 11.2 sí 9.1.

Mo ti gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù, mo fi iná kún bátìrì náà, mo lò ó tán kí òǹkà rẹ̀ lè tọ́. Pàbó. Kò tíì wú o (èyí tó bá wú, mi ò ní fi sí iná mọ́).

Láì tú bátìrì náà, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ti bàjẹ́?