Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogun?

Olófòófó_Ìtàn:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ìtàn ogun ń wù mí í kà, àmọ́ bí mo bá ti ṣí ìwé, orúkọ ọba àti ọjọ́ ìjà ló máa ń bò mí mọ́lẹ̀. Nǹkan kéékèèké ni èmi fẹ́ mọ̀. Kí ni wọ́n ń jẹ? Ibo ni wọ́n ń ṣu sí? (Ẹ má bínú.) Bí èéfín bá bolẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń dá ẹni tiwọn mọ̀? Ta ló ń sọ fún ọmọ ogun tó wà lọ́nà jíjìn pé ogun ti parí? Ẹ dákun, èwo ni kí n kọ́kọ́ tọ̀ nínú wọn, ogun wo ni kí n sì fi bẹ̀rẹ̀?

Abẹ́rẹ́:
Oúnjẹ ni kí o mú. Mú bírò, jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹṣin tó síngbọnlẹ̀ ń jẹ tó kílò 10 koríko àti ọkà lóòjọ́. Bí ọ̀gágun bá kó ẹṣin 10,000 jáde, tọ́ọ̀nù 100 nìyẹn lójúmọ́, a ò tíì dárúkọ èèyàn o. Ta ló máa gbé e? Kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kí ló ń fa kẹ̀kẹ́? Ẹṣin mìíràn tàbí màlúù, tí òun náà ń jẹ nínú ẹrù tó ń fà. Bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i ni ẹrù á máa tán sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ogun àtijọ́ kì í fi í gbéra títí koríko á fi hù, tí wọ́n sì fẹ́ràn àtimáa gba etí odò. Ọkọ̀ ojú omi kì í jẹ koríko.

Ogun tí màá ní kí o fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí Napoleon, olú ọba Faransé, gbé lọ Rọ́ṣíà ní 1812. Gbogbo ayé ló ń pariwo pé òtútù ló pa wọ́n. Òtútù pa wọ́n lóòótọ́, àmọ́ oṣù kẹfà ni wọ́n wọ ibẹ̀, nígbà tí ooru mú. Ẹṣin ń kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún torí oúnjẹ wọn ò tó, kòkòrò iná tó ń sá pamọ́ sára aṣọ sì ń gbé àìsàn tífọ́ọ̀sì kiri láàárín àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Moscow ní oṣù kẹsàn-án, ó ju ìdajì àwọn tó kó wọ ilẹ̀ náà lọ tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Yìnyín ò tíì bọ́ nígbà yẹn.

Olófòófó_Ìtàn:
Háà! Tọ́ọ̀nù 100, ẹṣin nìkan?

Àgbà_Tísà:
Ẹṣin nìkan. Ìṣirò yẹn sì wúlò ju bí Abẹ́rẹ́ ṣe sọ ọ́ lọ. Òpìtàn Gíríìkì kan láyé ọjọ́un kọ ọ́ pé ọmọ ogun tí Xerxes ọba Páṣíà kó wọ Gíríìsì ní 480 ṣáájú Kristi lé ní mílíọ̀nù méjì. Jókòó, ṣírò búrẹ́dì wọn fún ọjọ́ kan péré, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ òde òní ti gé iye yẹn wálẹ̀ gan-an. Bí o bá rí iye ọmọ ogun nínú ìwé èyíkéyìí, béèrè ẹni tó kà wọ́n, kí o sì béèrè ohun tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ kejì.

Ṣakabùlà:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti èéfín. Ẹ̀tù àtijọ́ máa ń rú èéfín funfun tó ki. Bí ìlà kan bá ti yìnbọn bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ nìkan lo máa kù tí o rí. Ìdí nìyẹn tí aṣọ wọn fi máa ń pupa tàbí kó dúdú bí aró, tí wọ́n ń gbé àsíá ńlá, tí wọ́n sì ń lu ìlù kí àṣẹ lè gba etí wọlé. Ní 1884, Paul Vieille ará Faransé ṣe ẹ̀tù tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Láti ìgbà náà, ẹni tó wọ aṣọ pupa kàn ń pe ọta síra ẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín? Àwọn Faransé yìí kan náà ló wọ ṣòkòtò pupa lọ sógun ní 1914! Ìgbà tí ojú wọn rí màbo ni wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́:
Ẹ ti ń kó o láyà jẹ. Kó fi ogun kékeré bẹ̀rẹ̀. Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá Zanzibar jà, erékùṣù kan ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1896, kò tó wákàtí kan tó fi parí. Kíá, ó ti kà á tán.

Àgbà_Tísà:
Ìyẹn dára fún àlọ́ àpamọ̀. Ohun tó yẹ kó béèrè ni ìdí tí kò fi pẹ́. Sultan Hamad kú lọ́jọ́ 25, Khalid gorí ìtẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún un di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kó kúrò láàfin, ó kọ̀. Ààfin wà létí òkun, ọkọ̀ ogun sì ti tò síwájú rẹ̀. Ibo ni pípẹ́ ti fẹ́ wá? Bíi 500 èèyàn ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ lọ́dọ̀ Khalid, atukọ̀ kan ṣoṣo ló fara pa lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màmá_Ọ̀rọ̀:
Gbogbo yín ti gbàgbé omi. Ọmọ mi, bí o bá gbọ́ orúkọ ibùdó ogun, omi ni kí o kọ́kọ́ wá lórí máàpù. Ní 1896 yìí kan náà, kí Etiópíà tó na Ítálì ní Adwa lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta, àwọn ọmọ ogun Ítálì há mọ́ inú odi kan ní Mekelle. Àwọn ará Etiópíà kọlu odi náà títí, kò wó. Taytu, ìyàwó Ọba Menelik, ló dábàá pé kí wọ́n lọ gba orísun omi tí àwọn ará odi ń pọn. Wọ́n gbà á, òùngbẹ sì lé àwọn wọ̀nyẹn jáde. Àwọn tó ń béèrè pé ibo ni obìnrin wà nínú ìtàn ogun, kí wọ́n wo ìdí omi àti ìdí ìkòkò dáadáa.

Ti ṣíṣu tí o fi ń tọrọ àforíjì, ìbéèrè àgbà ni. Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, bíi méjì nínú ọmọ ogun mẹ́ta tó kú ló jẹ́ pé àìsàn ló pa wọ́n. Gbẹ́ ṣálángá sí òkè odò tí wọ́n ń mu nísàlẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn á parí ìyókù.

Ṣakabùlà:
Ẹ ṣé, Màmá. Ó ku ti ìròyìn. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì jà ní New Orleans lọ́jọ́ 8 oṣù kìíní 1815, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà nílùú Ghent ní Yúróòpù láti ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 1814. Lẹ́tà ṣì wà lórí òkun.

Abẹ́rẹ́:
Rọra o. Àdéhùn yẹn ní ogun ò tíì parí àfi bí ìjọba méjèèjì bá fi òǹtẹ̀ lù ú, oṣù kejì 1815 ni Amẹ́ríkà sì tó ṣe tiwọn. Lójú òfin, ogun ṣì ń lọ.

Ṣakabùlà:
Ó dáa, ẹ gba Onoda. Ṣọ́jà Japan ni, ó wà nínú igbó erékùṣù Lubang ní Filipíìnì láti ìparí 1944 títí di 1974. Wọ́n ń ju ìwé ìkéde sínú igbó fún un, ó ní ẹ̀tàn ọ̀tá ni. Ìgbà tí wọ́n mú ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wá ka àṣẹ sí i létí ló tó gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n máa ń kọrin akọni fún un, àmọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa àwọn ará erékùṣù yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Kò yẹ ká fo ìyẹn.

Olófòófó_Ìtàn:
Mo ti mú Rọ́ṣíà 1812. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, ẹ tún jọ̀ọ́: ṣé wọ́n ní oúnjẹ inú agolo nígbà yẹn?

Abẹ́rẹ́:
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́dún 1810 ni ìjọba Faransé fún Nicolas Appert ní fránkì 12,000 torí ó rí ọgbọ́n fi sé oúnjẹ pa kó má bàjẹ́, ìgò ló sì ń lò. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e sínú agolo. Ohun tí wọ́n fi ń ṣí i lé ní ogójì ọdún kó tó dé, òòlù àti irin ìgbẹ́gi ni wọ́n ń fi là á. Ní Rọ́ṣíà, ìyẹ̀fun, bisikíìtì líle àti màlúù tí wọ́n ń dà lọ lójú ọ̀nà ni. Bí o bá rí lẹ́tà tí ọmọ ogun lásán kọ sílé, kà á ṣáájú ti ọ̀gágun, kí o sì máa ka iye ìgbà tó dárúkọ búrẹ́dì àti bàtà.