Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí tírélà tó ń jù lẹ́yìn ọkọ̀

Ẹ̀yin ará mi, mo wá fi àbọ̀ jẹ́ yín lórí ìbéèrè mi, pé kí ló dé tí tírélà tí mo fi ń gbé ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tí mo kàn fúnra mi fi ń jù sọ́tùn-ún sósì nígbà tí mo wọ́ ọ kúrò ní Adó-Èkìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹrù ló pọ̀ jù lẹ́yìn, òótọ́ lẹ sọ. A gbé ẹnu tírélà, ìyẹn iwájú rẹ̀ tó kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó: 90 kg péré ni, bẹ́ẹ̀ ẹrù àti tírélà jẹ́ 1,800 kg, ó sì yẹ kí ẹnu rẹ̀ gba ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn. Mo sún òjé àti bátìrì síwájú títí ó fi di 215 kg.

Ní Sátidé, a kọjá Ìfàkì láìsí ìjù kankan. Jíà kékeré ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí bíréèkì má baà gbóná. Nígbà tí mo dúró fọwọ́ kan àárín táyà, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ṣéènì méjèèjì, tí mo fi kọ ara wọn lábẹ́ ẹnu tírélà kí wọ́n lè gbé e bí ìkọ́ bá já, kò tú rárá. Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn.