Èsì sí àbá "alárinà ìṣirò"

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ọ̀gá wa tó ń kọ̀wé láti Mọ́kọ́lá dábàá pé kí a máa pe API tí ètò kọ̀ǹpútà kan fi ń bẹ kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́wẹ̀ ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní "alárinà ìṣirò". N kò fara mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ "alá-" tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìjà mi sì wà.

Alá-, ọmọ ìyá oní-, kò ṣeé yà kúrò lára oníṣẹ́ tàbí ohun-ìní. Alárinà gbọ́dọ̀ lọ, kó bọ̀, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni kan kó lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àdéhùn lásán ni API: orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí wọ́n bá wa ṣe, ohun tí a ó fi ránṣẹ́, àti bí èsì yóò ṣe padà. Ẹ wo GridRPC, ìlànà pípe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, tí Open Grid Forum, ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀, gbé jáde. Nínú rẹ̀, grpc_call ń dúró títí èsì yóò fi dé, grpc_call_async sì ń jẹ́ kí ètò tó pè é máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ kí èsì tó dé. Ìpè ni méjèèjì.

Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé alárinà gidi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a sì fẹ́ gba orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nínú NetSolve, ètò fífi ìṣirò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Tennessee ní Amẹ́ríkà, olùbéèrè máa ń kọ́kọ́ kàn sí ẹ̀yà kan tó mọ kọ̀ǹpútà tó lè ṣe ìṣirò náà àti bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó. Ẹ̀yà yìí yóò dárúkọ àwọn tó yẹ, olùbéèrè yóò sì lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà a yẹ̀bá. Ọjọ́ tí API bá yẹ̀bá, ọ̀rọ̀ pin.

"Ìlànà ìpè-ìṣirò" ni mo fara mọ́, nítorí pé ì- ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ láìbéèrè ẹni tó ṣe é. Ó gba SCSCP náà mọ́ra, ìyẹn ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí GAP lè fi ké sí Maple (ètò ìṣirò ni àwọn méjèèjì) pẹ̀lú OpenMath, àmì tí a fi ń kọ ìṣirò kí kọ̀ǹpútà lè lóye rẹ̀, láìsí alárinà kankan láàárín.

Ní ti ẹ̀gbọ́n tó ní "alárenà" ni àwọn àgbà Ìbàdàn ń pè é, àti pé àwa ará Bódìjà ló ba èdè jẹ́: ìyá àgbà tó tọ́ mi ní ẹ̀bá Òkè Mápó ń pè é ní alárinà títí wọ́n fi dolóògbé. Kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ tú "alárenà" palẹ̀ fún wa, kí a rí ohun tó wà lẹ́yìn "alá-" níbẹ̀.