Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ìwádìí lórí ìtọ́jú aláìsàn tó ń kú lọ, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Abúlé kan lẹ́bàá Òmù-Àrán ni mo lọ, lọ́dọ̀ màmá kan tó tọ́jú ọkọ wọn fún oṣù 8 kí bàbá tó papòdà. Bí mo ṣe ní kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ìwé ilẹ̀ bàbá nìyí?" Ẹ̀rù wọn yé mi, torí inú ọ̀fọ̀ náà ni ìjà ilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fún ọmọbìnrin wọn ní ìwé náà, ó kà á sókè fún wọn látòkè délẹ̀, títí dé ibi tó ní wọ́n lè dá wa dúró nígbàkígbà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó tẹ̀ka.

Àṣìṣe mi gan-an ló kù. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé wa: níbo ni olóògbé fẹ́ kú sí? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bi wọ́n, ní tààrà. Màmá dákẹ́, wọ́n fi etí ìró nu ojú. Nílé wa, ta ló ń bá aláìsàn sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, bí kò bá ṣe ẹni tó ń ṣépè! Mo pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, mo tọrọ àforíjì, a jọ jókòó. Nígbà tó ṣe, mo ní, "Màmá, kí lẹ fi ń para fún bàbá?" Wọ́n dìde, wọ́n fa igbá òrí kékeré yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ipa ìka mẹ́ta ṣì wà nínú òrí náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá lọ ni wọ́n lò ó kẹ́yìn, fún egbò tí ìdùbúlẹ̀ dá sí bàbá lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ pé bàbá bẹ àwọn kí àwọn má gbé òun padà sọ́sibítù mọ́.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìlọrin ni tèmi. Obìnrin tó ń ṣe opó lọ́wọ́ ni mo lọ bá, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí Kùránì là sílẹ̀ kò tíì pé. Àbúrò ọkọ jókòó tì wá, òun ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè: "A tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi dáadáa." Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. Mo dúpẹ́, mo kúrò. Nígbà tó jáde opó, mo padà lọ kí i, mi ò mú ìwé kankan dání. Òun ló bi mí pé, "Ìwé yẹn dà?" Ó sọ̀rọ̀ títí ládáànì fi pèrun. Òun nìkan ló ń jí lóru láti yí ọkọ rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò ọkọ ò sùn nílé yẹn rí.