Ìdajì ọjọ́ lórí ọ̀sà Venice: ṣé ó tó?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti màmá mi fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi wo àwọn erékùṣù ọ̀sà Venice, ní Ítálì. Ọkọ̀ onírìn-àjò afẹ́ máa ń dé Murano, Burano àti Torcello láàárín ìdajì ọjọ́, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ níbì kan. Èmi fẹ́ wo iná àwọn tó ń fi èémí ẹnu fẹ́ gíláàsì gbígbóná ní Murano, níbi tí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ gíláàsì Venice lọ ní 1291. Ti màmá mi yàtọ̀: oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, léèsì Burano nìkan ló wà lọ́kàn wọn. Orúnkún sì ń dùn wọ́n, wọn ò lè sáré wọkọ̀. Ṣé ká kúkú wọ ọkọ̀ ojú omi akérò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12 láti èbúté Fondamente Nove ní Venice, ká fo Torcello? Àbí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fò?